Ọjọ́ Mẹ́tàlélógún Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bá Orrin Tessmer Sọ̀rọ̀

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, ni mo kọ́kọ́ pàdé Orrin Tessmer lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré wa ní Tolliver, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ó fi ìwé ìròyìn wé páànù tí a fi ń din ẹyin, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

“Ẹ̀yin ni akọ̀wé eré?”

Mo ní èmi ni mo ń kọ bí eré bá ṣe lọ sílẹ̀.

“Ìlú kẹrìnlá tí mo ti ń ju bọ́ọ̀lù jẹun nìyí, kò sì sí ọ̀kan tí páànù ilé àyágbé rẹ̀ dára. Ìyàwó mi ní kí n fi èyí sílẹ̀. Mo ní, Lorna, ìwọ ni kí n kúkú fi sílẹ̀!”

Orrin kò dé ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá rí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá a pàdé tí kò gbọ́ ìtàn mẹ́ta kó tó kúrò níbẹ̀. Ó máa ń bá ẹni tó fẹ́ fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó máa ń bá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń pè é ní Bàbá.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 1987, a gbàlejò ẹgbẹ́ Pruitt. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Lud Havlik, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, gba lẹ́tà láti ọ́fíìsì àwọn tó ni ẹgbẹ́ pé kó dá Orrin dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí yóò gba ajùbọ́ọ̀lù ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Lud mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ki lẹ́tà bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ó di ẹ̀yìn eré.

Ìpele mẹ́sàn-án ni eré wa. Títí ìpele keje fi parí, kò sí ará Pruitt kan tó gbá bọ́ọ̀lù Orrin kó kọjá lọ́wọ́ àwọn tiwa. Ajùbọ́ọ̀lù tí wọn kò bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé òpin, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ròyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí a kì í rú: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá irú ajùbọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ títí eré yóò fi parí, tàbí títí ẹnìkan yóò fi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Òjò wá dé. Pápá di odò. Àwọn adájọ́ eré ní a ó ṣe ìpele méjì tó kù nígbà tí Pruitt bá padà wá, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlélógún.

Eré kò tíì parí. Nítorí náà, èèwọ̀ náà kò tíì parí.

Onígbàjámọ̀ gé irun Orrin láìbéèrè bó ṣe fẹ́ ẹ, ó sì dúró ní ìdajì. Obìnrin ilé oúnjẹ ń gbé ẹ̀dọ̀ màlúù síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí kò lè bi í ohun tó fẹ́. Lorna ń bá ajá wọn sọ̀rọ̀: “Sọ fún bàbá rẹ pé omi ń jò nílé ìdáná.” Nínú ọkọ̀, Orrin bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹṣin kan fún Teo Varga, ọ̀dọ́ tó máa ń gba bọ́ọ̀lù tó bá jù, Teo fi òwú dí etí.

Lud wá bá mi.

“Akọ̀wé, ìwọ tí o lọ ilé ìwé alẹ́. Bí mo bá fún un ní lẹ́tà, ṣé ọ̀rọ̀ ni mo bá a sọ yẹn?”

“Ọ̀rọ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Bí mo bá jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ọ̀rọ̀ náà ni. Ó kàn bọ́ sílẹ̀ ni.”

Ọ́fíìsì pè é lórí tẹlifóònù níwájú mi.

“Lud, ṣé o ti lé ọkùnrin yẹn?”

“Ó ku ìpele méjì, sà. Wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀.”

Ẹni tó pè náà ti ju bọ́ọ̀lù rí nígbà èwe rẹ̀.

“Má sọ fún un o. Má tilẹ̀ sọ fún un pé mo pè.”

Báyìí ni Orrin ṣe wọ aṣọ ẹgbẹ́ wa fún ọjọ́ mẹ́tàlélógún lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ, gbogbo Tolliver jókòó, kẹ́kẹ́ pa. Orrin ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ọmọ Pruitt kan gbá a; bọ́ọ̀lù náà gba àárín àwọn méjì tiwa kọjá, ó balẹ̀ sínú koríko. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbá a dáadáa, nítorí bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ariwo ta.

“Orrin! Wá, kí n gé ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn!” Onígbàjámọ̀ nìyẹn.

“Ṣé o tilẹ̀ ń jẹ ẹ̀dọ̀?”

“Omi ti fẹ́ gbé ilé ìdáná lọ, ìwọ ọkùnrin yìí!” ni Lorna ń ké.

Teo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Bàbá, ẹṣin yẹn, ṣé ó padà kú ni?”

Lud rọra rìn dé àárín pápá, ó yọ lẹ́tà náà. Wọ́n ti fọ ọ́ mọ́ ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì. “Orrin,” ló wí, “wọ́n ní kí o máa lọ.”

“Mo mọ̀, Ọ̀gá. Etí lẹ́tà yẹn ti ń yọ lápò yín láti ọjọ́ òjò. Ẹ má tíì padà. Ẹ dúró díẹ̀ sí i, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀.”