Àlàáfíà Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Kútọnu

Òórùn ọtí ìfọgbẹ́ àti eruku ọyẹ́ ni mo fi ń rántí yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, nílé ìwòsàn ní Parakou. Fèrèsé kan níbẹ̀ kì í pa dé dáadáa. Wọ́n fi páálí dí i, síbẹ̀ ọyẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Inú àpótí onígíláàsì tí iná mànàmáná ń mú móoru ni ọmọbìnrin mi wà. Ọjọ́ karùn-ún rẹ̀ nìyẹn, a kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ náà ti bímọ, o mọ bí abiyamọ ti ń ka èémí ọmọ rẹ̀. Èmi ń ka èémí, mo ń ka ìwọ̀n ooru àpótí, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan ní wákàtí wákàtí.

Kò sí ẹni tó lè tún àpótí náà ṣe ní Parakou. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, Kútọnu ló sì wà. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, agbẹ̀bí a máa pè é lórí tẹlifóònù láti ka ìwọ̀n ooru fún un. Bí ooru bá ti lọ sílẹ̀, ọkùnrin náà á sọ ibi tí wọn yóò fọwọ́ kàn. Bí ó bá dára, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á sì wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ń so wáyà tẹlifóònù nígbà náà, ń fún wa kí wọ́n tó gé ìpè.

Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló yẹ kí ooru náà jẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ní aago márùn-ún, ó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní aago méje, méjìdínlọ́gbọ̀n. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọkùnrin náà lórí wáyà ni wọ́n ké pe agbẹ̀bí sí obìnrin kan tó ń rọbí. Ó ti tẹlifóònù sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kà á fún un bó ṣe wà nínú ìwé ẹ."

A kọ́kọ́ fi èdè Faransé kí ìkíni ìjọba ayé ìgbà yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò: ó ní ṣé mo ti gbára dì fún ìyípadà, mo ní ìjàkadì ń tẹ̀síwájú. Nígbà tó wá bọ́ sí èdè wa, ohùn àgbàlagbà ni mo gbọ́, ará Ṣábẹ̀ bíi tèmi. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú tẹlifóònù létí.

Agbẹ̀bí bojú wẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá ọmọ, ṣé ó ń rí ẹ ni?"

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́ ní Ṣábẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó mọ bàbá mi àgbà. Ó béèrè bàbá, ó béèrè ìyá, ó béèrè ọkọ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àpótí wa ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni, bàbá. A dúpẹ́."

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. A kì í fi ìṣòro pàdé àgbà. Àlàáfíà ní í kọ́kọ́ jáde lẹ́nu, wàhálà á wá tẹ̀lé e. Ìwé mi wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ṣùgbọ́n, bàbá..." Wọ́n ti gé e.

Ó tó wákàtí kan kí a tó tún rí wáyà. Akọ̀wé kan ló dá wa lóhùn: bàbá ti wọkọ̀ lọ. Ó ka ohun tí bàbá kọ sílẹ̀ fún wa: "Parakou, àlàáfíà."

A fi ìgò omi gbígbóná yí ọmọ ká. Nígbà tó yá, mo gbé e sáyà. Èémí tí mo ń kà ń jìnnà síra, títí n kò fi rí èyí tí n ó kà mọ́. Oòrùn ṣì wà lókè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí bàbá náà lórí tẹlifóònù. Wáyà kan ló tú lábẹ́ àpótí. Wọ́n pa iná, agbẹ̀bí fi ọwọ́ lásán dì í bí bàbá ti wí, ooru sì gòkè. Ọmọ abiyamọ mìíràn ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n fún mi ní tẹlifóònù.

"Ọmọ mi, èmi ni mo ń bi ọ́ léèrè ilé títí ìṣẹ́jú wa fi tán."

Ní ìṣẹ́jú tó kù, mo ka nọ́ńbà àná fún un láti inú ìwé mi, títí wọ́n fi gé e.

Mo kọ́ àwọn ọmọ tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀ ní ìkúnlẹ̀, mo kọ́ wọn ní ẹ kú àárọ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ. Àwọn ará àdúgbò wa, Ladjifarani, ní n kò kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, mo gbà. Àlàáfíà tí kò sí nílé, n kì í fi í ránṣẹ́ mọ́. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin mi pè láti Kútọnu.

"Ìyá, ọmọ ń gbóná, mọ́kàndínlógójì ni. A ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ kú àárọ̀."

Mo kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ ná, kí n tó jẹ́ ẹ kú àárọ̀ rẹ̀.