Táyà Ọkọ̀ Pupa

Kí alátáyà yìí tó sọ ohunkóhun nípa táyà, yóò kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ èjìká táyà náà. Yóò tẹ̀ ẹ́ gírí, yóò gbé ọwọ́ kúrò, yóò sì máa wo ojú ibi tó tẹ̀ títí yóò fi padà sípò. Èyí tó bá yára padà, ó le. Èyí tó bá lọ́ra, ó rọ̀, yóò di títì mú. Bí nọ́ọ̀sì ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ aboyún wò bóyá ó wú ló ṣe ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Agbẹ̀bí ni.

Àbúrò yìí ló gbé ọkọ̀ pupa kan dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, ó kúrú, ó fẹ̀ nídìí, ó sì ń kùn bí ológbò tó yó.

"Ìyá ọmọ mẹ́rin!" Aláròyé tó ń ta bátìrì ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló pariwo. "Ọkọ̀ eléèyàn méjì! Ibo lo máa kó àwọn ọmọ sí?"

"Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti filé sílẹ̀ lọ. Èmi náà ń lọ."

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, táyà ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ti jẹ tán. Ẹ bá mi yan èyí tó dáa. Ẹ ṣáà rántí pé omi ló máa ń wà lọ́nà ilé ìwòsàn wa tí òjò bá ti rọ̀, agbẹ̀bí kì í sì í bá òjò ṣàdéhùn."

Dókítà mọ èyí tó yẹ. Ó so rọ̀ sí àjà, lókè orí obìnrin náà gan-an: táyà tí poro ojú rẹ̀ jìn, tí omi lè gbà kọjá. Kò lẹ́wà, ó sì máa ń pariwo lórí títì. Ó ti nawọ́ sí i.

"Dókítà táyà takisí!" Aláròyé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ọkọ̀ eré nìyí o. Má lọ wọ bàtà oko fún ìyàwó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Dókítà padà wálẹ̀.

Ó ní àwọn táyà kan ní kọ̀rọ̀ tó ti ń nù lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rà. Táyà eré ni. Ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dán, wọ́n sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àmì àtàǹpàkò ń pẹ́ lára wọn. Lórí títì gbígbẹ, wọ́n ń lẹ̀ bí ọmọńlé ara ògiri. Tí ilẹ̀ bá tutù, omi kò ní ibi tó máa gbà. Dókítà mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú lẹ́yìn òrùlé. Ó yí táyà eré náà jáde.

"Wọ̀nyí ni."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ta ló ń ta táyà nínú èmi àtìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀dá mi."

Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá de táyà ni yóò kọ́kọ́ jókòó ti onímọ́tò. Bó bá máa bẹ́, kí ó bẹ́ mọ́ ẹni tó tà á. Dókítà wọlé. Wọ́n yí kọ́nà ilé epo, wọ́n tún padà yí i, ọkọ̀ náà kò mì. Àbúrò rẹ̀ ń kígbe bí ọmọdé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín débi pé eyín ẹ̀yìn rẹ̀ hàn.

Òjò rọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọ́n pe agbẹ̀bí sí aboyún kan tó ń rọbí. Ní kọ́nà tó ṣáájú ilé ìwòsàn, ọkọ̀ náà yọ̀ bí ẹni tó tẹ ọṣẹ, ó fẹ̀gbẹ́ gbá ògiri. Ọwọ́ òsì agbẹ̀bí náà ṣẹ́. Ẹlòmíràn ló gbẹ̀bí ọmọ náà.

Dókítà lọ kí i. Kò tíì jókòó tí obìnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ẹ fún mi ní ohun tó dáa, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n wà." Ó yíjú sí àwọn tó wá kí i. "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Bí kì í bá ṣe táyà rẹ̀ ni, ẹ̀ bá ti sin mí."

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó súre sí i. Lẹ́yìn náà, Dókítà kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ náà sí. Ó ti ọwọ́ náà bọ abẹ́ itan. Wọ́n gbé omi fún un, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, kò sì padà lọ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún ara ọkọ̀ náà ṣe tán, àbúrò rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ òsì náà ti rù. Ó fi ọ̀tún gbé e mọ́ra bí ọmọ tuntun.

"Irú ti tẹ́lẹ̀ náà ni mo fẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé táyà ẹ̀gbọ́n mi ni kò dáa."

"Ó wà ńlẹ̀!" Aláròyé dáhùn látẹnu ọ̀nà. "Fún un, Dókítà!"

Dókítà nawọ́ sókè, ó já táyà tó so rọ̀ náà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Èyí ni kí o lò."

Agbẹ̀bí fi ìka tọ inú poro ojú rẹ̀. "Ibi tómi ń gbà nìyí?"

"Hẹ́n."

"Ìgbà wo ló dé?"

Ó lè sọ pé àná ni. Ẹnu rẹ̀ ti là fún un.

"Ó wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Níbo?"

Ó tọ́ka sí àjà, lókè àpótí tí obìnrin náà jókòó lé lọ́jọ́ náà.

Obìnrin náà wo òkè. Ó wo Aláròyé, ẹni tó ti padà síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń nu bátìrì tí kò dọ̀tí.

"Ẹ sì gbọ́ ohun tí mo sọ nípa òjò."

"Mo gbọ́."

Ó yọ ìka kúrò nínú poro táyà náà. "Ẹ dè é," ó wí.

Dókítà kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì táyà kò mọ ẹ̀gbọ́n. Bó ṣe ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni bàtà funfun àbúrò rẹ̀ ń sún tẹ̀ lé e. Kò gbójú kọjá bàtà náà. Kò sẹ́ni tó dápàárá.

Nígbà tó parí, obìnrin náà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ ṣé, sà." Kò pè é ní Bọ̀dá mi mọ́.

Dókítà gbé jáàkì, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó bọ́ sójú títì.

"Dókítà! Ibo lò ń lọ? Ṣọ́ọ̀bù ẹ ṣí sílẹ̀ o!" Aláròyé ló pariwo.

Ó ń lọ ní ẹ̀bá ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú, kò sì wẹ̀yìn.