Ohun Tó Ń Hanrun Lẹ́yìn Ògiri

Ọ̀sán gangan la kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èmi àti ìyá ọkọ mi ń din àkàrà ní gáà Ṣábẹ, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. A fẹ̀yìn ti ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan tí wọ́n ti tì pa kí n tó wọ ilé ọkọ. Ẹnìkan ń hanrun nínú ilé náà. Ó hanrun bí arúgbó tí ikọ́ ń dà láàmú, ó dákẹ́, òmíràn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo wo àgádágodo tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dípẹtà. Díẹ̀ ló kù kí n ki ọwọ́ bọ epo gbígbóná.

Ẹ rántí ìgbà náà. Ìgbà ìjọba ológun, tí à ń pe ara wa ní kámáráàdì, tí ẹnu rádíò kò sì sinmi lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Ìjọba ń kó àwọn arúgbó obìnrin, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́wọ́. Kí òwìwí, ẹyẹ àjẹ́, bà sórí òrùlé rẹ báyìí, o gbé! Kò pẹ́ tí àwọn ará gáà fi ń sọ pé ẹ̀mí ìyá ọkọ mi ló ń sùn lẹ́yìn ògiri, ara wọn nìkan ló ń din àkàrà níta. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Obìnrin tí kì í fojú kan oorun àfi tí ẹ̀wà bá di lílọ̀ tán! Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ìgbakọ gbá ẹnìkan lẹ́nu.

Délégè, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí àdúgbò wa, wá dúró níwájú agbada. Ó ní àwọn máa ṣí ilé náà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹyẹ bá jáde níbẹ̀, kí Màmá múra, jíìpù ìjọba máa wá gbé wọn. Ìyá ọkọ mi ṣáà ń yí àkàrà tó ti jóná.

Ìrọ̀lẹ́ dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọlé. Ni olórí àwọn alágbàrù bá ní òun á wọ̀ ọ́, bí wọ́n bá fún òun ní ìgò ọtí sódàbì kan. Ẹ̀dá burúkú ni ọkùnrin yìí o. Ó ti fọ́ eyín èèyàn nítorí àpò àgbàdo, ajá gan-an ń yà fún un lọ́nà. Ó fi kùmọ̀ ja àgádágodo, ó wọlé. Ìhanrun náà le sí i. Lẹ́yìn náà nǹkan kan han gooro, igbe tí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu èèyàn tàbí ẹran. A gbọ́ tí kùmọ̀ balẹ̀ gbì! Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù bí omi àmù.

Ọkùnrin náà jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀.

"Ọká ni," ó ní. "Mo fọ́ ọ lórí, ó fi ìbínú kó wọ ihò. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wọlé lọ wò ó."

Ta ló máa wọlé? Délégè pàápàá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà fi àgádágodo tirẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àkàrà lọ fún un láti fi dúpẹ́. Ó wò mí títí, ó wá ṣí ilẹ̀kùn. "Ìyàwó, wọlé. Má pariwo." Nínú òkùnkùn, àwọn ojú funfun kan ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí àpò òfìfo, ojú pẹlẹbẹ bí abọ́, wọ́n ń hanrun sí wa. Ọmọ òwìwí! Ìyá wọn, tó ti fi èékánná ya orí ọkùnrin náà, wà lókè àjà, ó tẹjú mọ́ mi. Mo fẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Olórí alágbàrù jókòó sílẹ̀, ó ń fa eku ya, ó ń fi sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Mo ti gbé kùmọ̀ sókè," ó ní, "ni wọ́n bá ya ẹnu sí mi. Wọ́n rò pé oúnjẹ ni mo gbé wá. Ni mo bá fi lu ilẹ̀."

Àwọn ọmọ òwìwí náà dàgbà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan gba abẹ́ páànù jáde, ó bà sórí àtíbàbà wa níṣojú gbogbo ayé. Délégè na ìka sí ìyá ọkọ mi. Olórí alágbàrù kàn na apá rẹ̀. Ẹyẹ náà fò láìdún rárá, ó bà lé apá náà, ó sì yí ojú funfun rẹ̀ sí wa. Àwọn èèyàn figbe ta, wọ́n sá.

"Èmi ni mo ni ín," ó ní. "Ẹ fi ìyá sílẹ̀."

Ó ju ẹyẹ náà sókè kí jíìpù tó dé, òun ni wọ́n sì gbé lọ.

Ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ó ti rù kan eegun, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹrù òun. Ìyá ọkọ mi nìkan ló ń fún un ní àkàrà láràárọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í wo ojú rẹ̀. Mo ṣàlàyé títí ó sú mi. Mo ní, "Ẹyẹ lásán ni, Ìyá. Eku ni wọ́n ń jẹ. Mo fojú mi rí wọn." Wọ́n ní kí n panu mọ́, ọmọdé ni mí.

"Oṣó ni," wọ́n ní, bí wọ́n ṣe ń di àkàrà gbígbóná sínú ewé fún un. "Ṣùgbọ́n oṣó tèmi ni."