Mọ́tò Ọ̀fẹ́ Bàbá Ìjọ

Mo fẹ́ kí a gba ilé sí Àkúrẹ́ nígbà tí a ṣègbéyàwó. Iléeṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, ọkọ mi sì ń ṣe tíṣà ní Oǹdó, ìlú bàbá rẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni èmi, n kò ní ìdí kan tí mo fi ń gbé Oǹdó ju òun lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí rẹ̀ ló kó ẹnu jọ lé mi lórí.

"Ta ní ń gba ilé rẹ́ǹtì nígbà tí ilé bàbá rẹ̀ wà?" ni ìyá ọkọ mi wí. "Ìyàwó wa, o ó máa wọkọ̀ láàárọ̀, o ó máa wọkọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́. Imú àti ẹnu ni Oǹdó pẹ̀lú Àkúrẹ́."

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn ni wọ́n mọ̀ pé ó sún mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò jìyà. Ọkọ̀ tásín máa ń tètè kún ní gáréèjì, mo sì máa ń jókòó sídìí tábìlì mi kí ọ̀gá mi tó dé. Ìgbà tí mo bí ìbejì tán ni ayé yí padà. Epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n. Àwọn awakọ̀ ń sùn sí ilé epo, ọkọ̀ wọn tò gbọọrọ bí ìgbà tí eèrà ń lọ sóko. Ìwọ̀nba ọkọ̀ tó bá wọ gáréèjì, ìjà la fi ń wọ̀ ọ́. Mo rí àgbà obìnrin tí wọ́n tì gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹrù. Èmi náà fa aṣọ ya níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ìgbà náà ni ọkọ mi lọ bẹ Bàbá Ìjọ wa. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Ọ̀gá àgbà ni ní iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn ní Àkúrẹ́, ó ní Píjò, ìjọba ló sì ń rọ epo sí i.

"Ọmọ Bàbá kan náà ni wá," ni ó wí lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́. "Kí ó wá. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò gba kọ́bọ̀ lóòótọ́. Gbogbo ohun tó kù ló gbà.

Àwa méjì ló máa ń gbé sí ẹ̀yìn mọ́tò, èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́. Nọ́ọ̀sì a kọ́kọ́ wọlé lọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Ìjọ àti ti ìyàwó rẹ̀, èmi a máa nu gíláàsì mọ́tò níta. Ní ibi iṣẹ́ mi, èmi ni mo ń bá a tẹ ètò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo ń tẹ ètò ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Tápíìsì mi" ni ó ń pè mí níwájú àlejò. Bí a bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó máa ń yà sí oko rẹ̀ ní Òwèná, àwa a máa ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí búùtù pẹ̀lú bàtà ọ́fíìsì lẹ́sẹ̀. Ọmú mi a máa kún fún àwọn ìbejì tó ń sunkún nílé.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, "Ẹni tó ń gbé ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé kò lè rán ọ níṣẹ́ ni?"

Nígbà tó yá, wọ́n pe orúkọ mi fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbéga. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, mo lọ kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ìjọ.

"Bàbá, aago mẹ́sàn-án ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní ibì kan láti yà sí, ẹ sọ fún mi, kí n tètè lọ sí gáréèjì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọmọdé ni mí ni? O ó débẹ̀ kí àga wọn tó móoru."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí a gbéra. Bí a ti dé Òwèná, ó yà sọ́nà oko. Mo rò pé ó fẹ́ tọ̀ ni. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kígbe pe alágbàṣe rẹ̀, ó ní kó bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá òun ń ṣe ìnáwó, òun kò fẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, aago."

"Fara balẹ̀. Ìjọba kì í sá lọ."

Ó ń rìn láàárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń yan aṣọ ìyàwó. Èyí kò gbó. Èyí kéré. Ìrì ti rẹ síkẹ́ẹ̀tì mi. Nígbà tó yàn án tán, ó ní kí a bá alágbàṣe rù ú, kí ó lè yá. Mo rù ú, nítorí mo fẹ́ kí ó yá. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kán sí àyà bùláòsì funfun tí mo yá fún ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọ oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bò mí láyà.

Wọ́n ti pè mí kọjá nígbà tí mo dé. Mo bẹ akọ̀wé ẹnu ọ̀nà títí ó fi jẹ́ kí n wọlé. Àwọn ọ̀gá náà wo bùláòsì mi. Ẹni tó jókòó láàárín ní, "Àwọn tó wá láti Òkìtìpupa ti sùn sí Àkúrẹ́ lánàá. Kí ló dé tí ẹ kò gbé níbi tí iṣẹ́ yín wà? Ẹ dúró de ọdún mìíràn."

Mo lọ bá Bàbá Ìjọ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò tilẹ̀ dìde.

"Àsìkò Ọlọ́run ló dára jù," ni ó wí.

Mo ti bínú rí láyé mi, ṣùgbọ́n irú èyí kò ṣe mí rí. Ó jí nǹkan mi, ó wá gbé e ka Ọlọ́run lórí! N kò wọ Píjò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Agbégilódò kan tó já igi sílẹ̀ tán ló gbé mi. Awakọ̀ náà ní, "Mọ́mì, ẹ gòkè wá," kò sì rán mi níṣẹ́ kankan títí a fi dé Oǹdó.

Bàbá Ìjọ ti ṣáájú mi dé ilé wa. Ọkọ mi kò béèrè bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe lọ. Ohun tó béèrè ni ìdí tí mo fi tàbùkù àgbàlagbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó mú mi lọ tọrọ àforíjì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ ọkùnrin náà.

"Bàbá, ẹ má bínú, ìṣe ọmọdé ni. Ìyá Ìbejì, kúnlẹ̀."

Mo dúró.

"Bàbá," mo ní, "mo dúpẹ́ gbogbo ọjọ́ tí ẹ gbé mi. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ fún yín kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ sì mọ̀ pé ẹ ó yà sóko. Ẹ̀yin lẹ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ọlọ́run kò sí ní Òwèná ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀."

Ọkọ mi ṣì wà nílẹ̀. Bàbá Ìjọ gbọn orí. "Obìnrin yìí láfojúdi."

"Mo láfojúdi, sà," mo ní. Mo sì jáde.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè mi nínú mọ́tò náà, wọ́n sì ń gbàdúrà fún Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí oore rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń bá a lọ. N kò dá a lẹ́bi, ó ní ọmọ láti bọ́.

Èmi gba yàrá kan sí Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́, mo kó àwọn ìbejì mi dání. Ẹbí ọkọ mi ní mo ti kọ ọkọ. N kò kọ ọ́. Mo ní bí ó bá fẹ́ rí wa, ó mọ ọ̀nà. Nígbà tí mo gba ìgbéga náà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ìjọba kò san owó oṣù fún ẹnikẹ́ni mọ́, orúkọ lásán ni mo gbà.

Ọkọ mi ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ti ìjà ọkọ̀ ní gáréèjì wọlé, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò lè bọ́ bàtà. Àwọn ọmọ sáré lọ bá a, ó fi ọwọ́ dá wọn dúró.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" ni ó bi mí.

Mo gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi.