Awakọ̀ Routa àti Omi Ìparí Sáà

Inú ilé ooru onípákó létí adágún Kivisalmi, níbi tí wọ́n ti ń jókòó sórí pèpéle láti làágùn, ni ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Routa ti máa ń dágbére fún sáà. Kóòṣì kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Taisto Rautajoki, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọn, ló ń rọ́ ìtàn sáà, torí òun ló ń gbé wọn lọ tó ń gbé wọn bọ̀, yálà wọ́n na èèyàn ni o, tàbí èèyàn nà wọ́n. Tó bá rọ́ ọ tán, á bu omi sórí òkúta gbígbóná, ooru á sọ, sáà parí nìyẹn. Ẹlòmíì kò gbọ́dọ̀ dà á.

Lọ́dún yìí, ọkàn bàbá náà wúwo. Lọ́sẹ̀ tí sáà parí ni dókítà sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kó má fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ sọ ọ́ níbí, bí ẹnu rẹ̀ bá gbà á.

"Níbẹ̀rẹ̀ sáà," ló wí, "ẹ̀ ń gbá họ́kì bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì nínú koríko."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Jouni, balógun ẹgbẹ́ náà, fèsì. "Bàbá Taisto, ẹ rọra o. Ta ló ṣìnà lọ́jọ́ tá à ń lọ sí ìlú Rauma?"

"Mi ò ṣìnà. Mo fẹ́ ká pẹ́ débẹ̀ ni, kí ìyà yín lè dín kù."

Ó rọ́ ti àgbọ̀nrín ńlá tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà Oulu, tó kọ̀ tí kò dìde, títí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi jẹ gbogbo búrẹ́dì ọkà inú ọkọ̀ tán. Ó rọ́ ti àṣekágbá tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú góòlù kan ṣoṣo, tí gbogbo ọkọ̀ dákẹ́ títí Jouni fi ní kó fi orin ijó táńgò ayé àtijọ́ sí i. Bó ti ń sọ ọ́ ló ń rántí bọ́ọ̀sì rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ̀rọ tó ń mú inú rẹ̀ gbóná kú nínú yìnyín, tí àwọn ọmọ ìgbà náà fi aṣọ eré wọn wé e lọ́rùn kó lè máa wakọ̀ lọ. Àwọn yẹn ti di bàbá àgbà báyìí. Àárò wọn sọ ọ́, àárò ọ̀nà náà sì ti ń sọ ọ́ ṣáájú kó tó fi í sílẹ̀.

"Ó ku omi, Bàbá," Jouni wí nígbà tí ìtàn tán.

Ó bu omi, ó dà á. Ẹsẹ̀ Jouni ló dà á sí.

"Bàbá ti gbẹ̀san Rauma," ẹnìkan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ó tún bu òmíràn. Ilẹ̀ ló bọ́ sí. Ẹ̀rín gbẹ.

"Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí òkúta yẹn?" Jouni béèrè jẹ́ẹ́.

"Mi ò rí i dáadáa, ọmọ mi. Mi ò lè gbé yín mọ́."

Jouni dìde, ó di ọwọ́ bàbá náà mú, àwọn méjèèjì jọ da omi náà. Òkúta dún ṣìì, ooru bò wọ́n.

"Awakọ̀ míì á wá," Jouni wí, "àmọ́ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tiyín ni. Ta ni ká ní kó máa rọ́ ìtàn fún wa?"

"Báwo ni n ó ṣe rọ́ ohun tí mi ò rí?"

"Àwa la ó máa sọ ohun tó wà lọ́nà fún yín." Jouni na apá sí i. "Àtẹ̀gùn pèpéle ló wà níwájú yín báyìí. Ó ń yọ̀ díẹ̀."

Taisto gbá apá náà mú, ó sì gbé ẹsẹ̀ sísàlẹ̀.