Ojú Ìyá Oníyọ̀ Lára Owó

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọ̀dà kì í kúrò lára aṣọ mi, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń lọ jókòó ti ayàwòrán kan tó ń kọ pátákó ìpolówó ní àdúgbò Agbalépédogan. Iṣẹ́ ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn mọ́ mi nígbà náà. Àwọn ènìyàn ti ń sọ pé fóònù máa tó pa owó ìwé, ni mo bá ní kó ya owó tuntun kan fún ìwé ìròyìn wa, kí òǹkàwé lè rí bí ì bá ṣe rí tó bá jẹ́ àwa la ṣe é.

"Àbúrò, ojú ta ni kí n yà sí i?"

"Ojú ẹni tó ń ná an," ni mo fèsì, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n ara mi.

Bó ṣe ya ìyá oníyọ̀ tó ń tajà ní òdìkejì ọ̀nà nìyẹn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ayàwòrán fẹ́ kọ "àwòrán lásán" sí i lára. Mo ní yóò bà á jẹ́. A tẹ̀ ẹ́ ní aláwọ̀, ní ìwọ̀n owó gidi. Àgbà ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Èmi ni mo da tèmi, ìyá oníyọ̀ ni eérú tọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta tí ìwé ìròyìn náà jáde, mo tẹ̀lé ìyá oníyọ̀ lọ ra iyọ̀ ní ọjà Bè-Kpota, kí n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin àwòrán wa. Ìyá elépo kan wò ó títí, ó sì di aṣọ rẹ̀ mú. Ó na bébà kan sókè: àwòrán wa ni, ẹnì kan ti gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà líle.

"Obìnrin inú owó nìyí! Wọ́n fi ojú ẹ ra epo mi lánàá, wọ́n ní owó tuntun ti dé. Dá epo mi padà!"

"Fiafi!" lẹnì kan kígbe olè ní èdè ibẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, igbe "Olè!" ti gba ọjà kan. Àwọn kan gbé igi, ẹnì kan ń pariwo pé kí wọ́n gbé bẹntiróòlù wá. Gèlè ìyá oníyọ̀ já bọ́, ojú rẹ̀ ń wá tèmi. Káàdì oníròyìn wà lápò mi, ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́ jáde. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àpò gàrí.

"Ẹ dúró ná!" Àlájì kan tó ń ta abọ́ ló wọ àárín wọn. "Ẹni tó bá ń ṣe ayédèrú owó, ṣé ojú ara rẹ̀ ló máa yà sí i? Kí ẹ lè tètè rí i mú, àbí?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí èrò tú ká, mo mú bébà náà nílẹ̀. Lójú ọ̀nà, gbólóhùn kan péré ni ìyá oníyọ̀ sọ.

"Akọ̀wé, mo rí ẹ."

Lónìí, fóònù ló fi ń gba owó iyọ̀. "Owó inú fóònù ò lójú," ló máa ń wí. "Kò sẹ́ni tó máa fi mú mi." Tí wọ́n bá pè mí wá sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ iwájú owó ìwé, mo máa ń sọ ọ́ bí ọ̀mọ̀ràn. Ṣùgbọ́n bébà yẹn ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Nígbà mìíràn, tí mo bá ń wá ṣéńjì, á yí sókè, ojú yẹn á sì tún máa wá tèmi láàárín èrò.