Àwọn Iná Tó Kọjú sí Ògiri

Wọ́n jó yí áńbúláǹsì tó gbé ìyá ọ̀rẹ́ mi ká. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọdé sì ń fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀ náà bí ìlù. Half Die ni, ní ìsàlẹ̀ ìlú tí a ń pè ní Banjul lónìí, tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Bathurst nígbà náà. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ìyá Dúpẹ́ ló wà nínú ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mi ní Latrikunda nígbà tí áńbúláǹsì kan kọjá. Kò pariwo bí àwọn yòókù. Iná orí rẹ̀ nìkan ló ń yí, ó ń fi pupa kun ògiri, ó ń nù ún kúrò, ó tún ń kùn ún. Télọ̀ kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Èmi ni mo dìde dúró, tí mo ń wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń jó.

Agboolé kan náà ni èmi àti Dúpẹ́ ti dàgbà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà lọ́jà. Ọmọ Iléṣà ni bàbá Dúpẹ́, rewáyà ni, iná mọ́tò ló ń tún ṣe, Rewáyà náà ni gbogbo àdúgbò sì ń pè é. Lásìkò òjò, omi a máa wọlé tọ̀ wá bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá wa á gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, Rewáyà á gbé àwọn bátìrì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ á sì bi í pé níbo ni òun máa sùn.

"Sún mọ́ wọn," ni yóò wí, "wọn kì í jáni jẹ."

Gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Òórùn ásíìdì, ẹja gbígbẹ àti aṣọ tí kò ráyè gbẹ: òórùn ìgbà èwe mi nìyẹn, n kò sì gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ níbikíbi.

Lára àlòkù áńbúláǹsì kan tí wọ́n pa tì sẹ́yìn gáréèjì ni Rewáyà ti tú iná àkọ́kọ́. Ìdérí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì pupa tó nípọn bí ìdí ìgò. Gílóòbù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú dígí kékeré kan tí ẹ̀rọ tí kò ju àtàǹpàkò lọ ń yí ká a. Odindi àsìkò òjò kan ló fi tún un ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ tó kọ́kọ́ tàn án nínú yàrá, pupa ń sáré lójú fèrèsé, Alàájì tó ń gbé yàrá kejì sì fò jáde pẹ̀lú bútà àlùwàlá rẹ̀, ó ń ké pé ilé ń jó. Ó ti da gbogbo omi náà sí Rewáyà lára kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Má bínú, Rewáyà," ni Alàájì wí, "ṣùgbọ́n ìwọ Kìrìsìtẹ́nì yìí ti ṣe àlùwàlá lónìí."

Bí Kérésìmesì bá dé, àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí a máa ṣe fánàlì: ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ọparun àti bébà tí wọ́n gé bí léèsì ṣe, tí wọ́n á tan àbẹ́là sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa gbé káàkiri pẹ̀lú orin, tí àwọn èèyàn á sì máa ta wọ́n lọ́rẹ owó. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ kí tirẹ̀ ta yọ. Àwọn ọ̀dọ́ tiwa wá bẹ Rewáyà pé kó yá àwọn ní iná rẹ̀ kí àwọn fi ṣe orí òpó fánàlì àwọn. Ó kọ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ló bá wọn bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé inú yàrá ni ẹ ó ti máa dá wò ó ni, Bàbá Dúpẹ́? Ẹ gbé e fún wọn, kí ọmọ aráyé fi yọ̀."

Ó gbé e fún wọn. Kò sí fánàlì tó tó tiwa lálẹ́ Kérésìmesì náà. Èmi àti Dúpẹ́ tẹ̀lé e títí ẹsẹ̀ wa fi wú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo Half Die ti mọ̀ pé bí pupa bá ń yí lókèèrè, fánàlì wa ló ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára Ìyá Dúpẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe áńbúláǹsì, ó sì dé kíákíá. Wọ́n gbé e sínú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ wọlé tì í. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó ń dúró de fánàlì ti kún ọ̀nà. Wọ́n rí pupa tó ń yí. "Fanal de kam!" ni wọ́n ké ní èdè Aku, irú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ níbẹ̀, pé fánàlì ń bọ̀, wọ́n sì ya bo ọkọ̀.

Nígbà tí mo di akọ̀ròyìn, mo wá àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Lámín tó wa áńbúláǹsì náà ti fẹ̀yìn tì sí Bundung.

"Mo fọn fèrè ọkọ̀, wọ́n gbe orin sí i," ló wí. "Mo tún fọn ọ́n, wọ́n tẹra mọ́ ijó. Mo na ọwọ́ jáde pé kí wọ́n yà fún mi, ẹnì kan fi kọ́bọ̀ lé mi lọ́wọ́."

Màmá Háńnà, ìyá Aku tó máa ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi náà jó, ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo jó títí mo fi dé ara gíláàsì. Ìgbà yẹn ni mo rí ojú Rewáyà nínú ọkọ̀. Ó ń ké. Orin wa ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀."

Màmá Háńnà ló pariwo pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n yà lọ́nà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Ìyá Dúpẹ́ kò dé ilé ìwòsàn láàyè, ọmọ inú rẹ̀ sì bá a lọ. Dókítà ní òun kò lè búra pé òun ìbá gbà á là ká ní ó tètè dé. Mo rò pé ó fẹ́ fi tu Rewáyà nínú ni.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, ìyá àgbà Dúpẹ́ wá láti Iléṣà, ó mú un lọ. Mo rí i bó ṣe jókòó lórí ẹrù létí omi, ó wọ bàtà tuntun tó ń ta á lẹ́sẹ̀. "Bá mi máa wo bàbá mi," ló wí. Ọmọdé ni àwa méjèèjì. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Rewáyà wá ń kó iná jọ ní tòótọ́. Áńbúláǹsì ni o, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni o, ọkọ̀ panápaná ni o, èyíkéyìí tí wọ́n bá pa tì, yóò ti débẹ̀ pẹ̀lú sukudiráfà kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó tutù. Pupa, búlúù, àwọ̀ ọsàn. Ó ń nù wọ́n, ó ń fi òróró sí ẹ̀rọ wọn, kì í sì í tàn wọ́n. Àwọn òyìnbó tó wá gbafẹ́ fẹ́ rà wọ́n, ó lé wọn. Orí pẹpẹ ló tò wọ́n sí, gbogbo wọn kọjú sí ògiri.

Nígbà tí ìlú ti di Banjul, mo bi í pé kí ló dé tó fẹ́ràn iná tó bẹ́ẹ̀.

"Ta ló fẹ́ràn wọn?" ló wí. "Bí n ò bá kó wọn, àwọn ọmọ fánàlì á kó wọn. Èyí tó bá wà lọ́dọ̀ mi, kò sẹ́ni tó máa jó fún un mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, áńbúláǹsì tiyín ń ké débi pé kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀. Ilé wa ní Half Die ti ń wó níkọ̀ọ̀kan. Màmá Háńnà ti kú, Alàájì ti kú. Omi nìkan ni kò gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Fánàlì náà ṣì ń jáde lọ́dọọdún, ó sì ṣì lẹ́wà. N kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Rewáyà kú lọ́dún tó kọjá, ní arúgbó. Bàbá tí Dúpẹ́ ní kí n máa bá òun wò, mo wò ó dé ibojì. Àwọn iná rẹ̀ ló kù, mo sì ń kọ èyí kí Dúpẹ́, tàbí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní Iléṣà tàbí níbikíbi, lè wá gbà wọ́n.

Ọ̀gá tí mo bá ní ọ́fíìsì kánsù lánàá sọ pé àwọn yóò wó ilé Rewáyà kí òjò tó dé. Wọn yóò kó àwọn iná pamọ́ títí òjò yóò fi dá, bóyá ọmọ olóògbé á yọjú. Bí kò bá yọjú, wọn yóò tà wọ́n fún ẹni tó bá fẹ́.

"Ẹ má ṣèyọnu, wọ́n á rí ẹni rà wọ́n," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. "Àwọn ọ̀dọ́ fánàlì ti wá wò wọ́n. Wọ́n ti yí ojú ọ̀kan síta, kí wọ́n lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa."